Oríkì Ilé Aláró Nínú Orin Zulu

Bàbá mi àgbà ti lọ, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le létí. Nígbà tí mo sọ ọ́ jáde lójú àwọn tó wá kí wa, ojú tí Mummy fi wò mí, ẹni bá rí i á rò pé òkú ni mo bú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìjà tó wà láàárín Bàbá àti ẹ̀gbọ́n wọn, tó sì mọ bó ṣe kù díẹ̀ kí ìjà yẹn bá wọn wọ ilẹ̀, á mọ̀ pé kì í ṣe àìláàánú ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní kọ ìtàn ayé wọn láti kékeré dé ọjọ́ ogbó. Ààfáà ti gbìyànjú ìyẹn níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sì pe Bàbá ní oníṣòwò pàtàkì, ẹni tí kò ta abẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀. Mẹkáníìkì ni Bàbá, ní gáréèjì bọ́ọ̀sì, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé gìtá, wọ́n á lọ bá ẹgbẹ́ olórin kan tí àwọn ọmọ South Africa tí wọ́n lé kúrò nílé dá sílẹ̀ ní London, nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ṣì ń fẹsẹ̀ tẹ àwọn dúdú mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Abahambi lorúkọ ẹgbẹ́ náà, ìyẹn àwọn arìnrìn-àjò lédè Zulu. Orin ilẹ̀ wọn ni wọ́n máa ń gbé, wọ́n á wá pò ó mọ́ irú èyí tí rédíò ń kọ nígbà náà, kí òyìnbó tó ń kọjá lọ lè dúró gbọ́. Bó bá ti dúró tán, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ pé kó má ra ọsàn ilẹ̀ náà mọ́ títí wọn ó fi tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọsàn yẹn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń tẹ̀lé Bàbá lọ sí ọjà Rye Lane, nítòsí ilé wa ní Peckham, láàárọ̀ Sátidé. Ìjà South Africa ti parí nígbà yẹn, àwọn dúdú ti ń ṣèjọba ara wọn, ṣùgbọ́n Bàbá ò lè rí ọsàn kí wọ́n má gbé e yípo lọ́wọ́. "My friend, where is this one from?" Ọ̀rọ̀ náà ti sú ọkùnrin tó ń ta èso. "Uncle, same place as last week!" Bó bá jẹ́ ti South Africa, ìyẹn gan-an ni Bàbá á rà, bó tilẹ̀ kan bí ọtí kíkan. Àwa la ó máa fi ojú kíkorò jẹ ẹ́ délé.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Grandpa, it's finished now. Kí lẹ ṣì ń béèrè fún?"

Wọ́n ní, "Balikis, ẹni téèyàn bá bá jà, tí ìjà sì ti tán, ó yẹ kéèyàn máa yà kí i."

Ọsàn ni wọ́n ń yà kí o. Ẹ̀gbọ́n wọn kan ṣoṣo láyé ń gbé ní Sydenham, bọ́ọ̀sì ò sì ṣòro láti Peckham débẹ̀, síbẹ̀ wọn ò yà kí i. Ìjà tiwọn ò tíì tán ni.

Ọkùnrin tó dá Abahambi sílẹ̀ ń jẹ́ Themba. Ó ń fọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì tí Bàbá ti ń tún un ṣe. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán ni Bàbá ti kọ́kọ́ gbọ́ gìtá rẹ̀, ni wọ́n bá gbé búrẹ́dì ọwọ́ wọn sílẹ̀. Bàbá ti ta gìtá fún ẹgbẹ́ jùjú kan ní Mushin nígbà ọ̀dọ́, wọ́n sì rò pé kò sí ohun tí gìtá lè ṣe tí etí àwọn ò tíì gbọ́. Themba ní kí wọ́n jókòó. Ó fi hàn wọ́n pé lọ́dọ̀ tiwọn, gìtá á kọ́kọ́ dá sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wúkọ́ kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Lẹ́yìn náà lorin á wọlé. Bó bá dé àárín, olórin á fi orin sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàràwàrà láìmí: ẹni tóun jẹ́, ọmọ ẹni tóun jẹ́, odò tí wọ́n ń mu nílé wọn, ohun tójú òun ti rí. Gìtá ò ní dúró ní gbogbo ìgbà yẹn. Bàbá ní ẹ̀rín pa àwọn, àwọn ní, "Themba, oríkì nìyí now!"

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti sọ ọ́ di àṣà pé àwọn ò ní dáwọ́ lé nǹkan láìsọ ẹni táwọn jẹ́. Bí wọ́n bá pe council nítorí omi tó ń jò lórí ilé, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé, "Good morning. I am Mufutau, the son of Bakare, from Iseyin, now in Peckham." Ọmọbìnrin orí fóònù á ní, "I just need your postcode, sir." Bàbá á tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fi postcode kún un. Ní ọ̀dọ̀ dókítà, àwọn tó wà ní kántà ti mọ̀ ọ́n sórí, wọ́n á ti máa bá wọn kà á lọ. Ojú máa ń tì mí nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì máa ń sún sẹ́yìn bí ẹni pé mi ò mọ bàbá yìí rí. Bàbá á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Orin tí kò ní àárín, ariwo lásán ni."

Ohun tó wá dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé ọkùnrin tó ń sọ ọmọ ẹni tóun jẹ́ fún gbogbo ayé yìí, kò mọ oríkì ilé bàbá rẹ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá lóòótọ́, láti ìdílé àwọn tó ń hun aṣọ òfì. Ṣùgbọ́n ìyá wọn ti kú, bàbá wọn náà sì kú nígbà tí Bàbá ṣì ń rá. Ẹ̀gbọ́n wọn, Lásísì, ti tó ẹni tó lè pọn àbúrò sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Mushin, kó àwọn méjèèjì lọ sí Mushin, sínú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń sáré jáde láàárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ráyè dúró ti ọmọ kó kì í.

Ẹ̀gbọ́n yìí la wá ń pè ní Daddy Sydenham. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé London, àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá, inú yàrá kan náà ni wọ́n sì jọ ń sùn títí Bàbá fi fẹ́yàwó. Daddy Sydenham ló kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń we síkáàfù mọ́rùn nígbà òtútù, àti bí wọ́n ṣe ń sọ "thank you" fún òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já wọn kulẹ̀. Bàbá kì í dárúkọ wọn lásán. Pẹ̀lú gbogbo ìjà yẹn, n kò gbọ́ kí wọ́n pè wọ́n ní ohunkóhun ju "Bọ̀dá mi" lọ.

Ìyá mi àgbà, Ṣifáwù, tí a ń pè ní Mama, ọmọ Òṣogbo ni. Ilé aláró ni wọ́n ti wá, àwọn tó ń rẹ aṣọ sínú ìkòkò aró. Nígbà tí wọ́n bí Mummy, inú sínkì kíṣìnnì ni Mama ti máa ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì máa kì í bí omi bá ṣe ń dà. Ó yẹ kó jẹ́ oríkì ilé bàbá ọmọ ni wọ́n ń kì, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ ò mọ tirẹ̀, Mama ò sì lè mọ ohun tí onílé ò mọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé kí n máa wo ọmọ níran ni?" Wọ́n bá ń kì í ní oríkì ilé tiwọn:

*Ọmọ aláró tí ń bẹ létí omi,*
*ọmọ ẹni ọwọ́ dúdú, ilé mọ́lẹ̀.*
*Aṣọ funfun wọ ilé yín, ó dákẹ́;*
*ó jáde, gbogbo ọjà ń béèrè orúkọ rẹ̀.*

Ògiri flat wọn tín-ín-rín. Bàbá máa ń fá irùngbọ̀n ní yàrá kejì, wọ́n á máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́, títí ó fi wọ̀ wọ́n lára láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa Mama lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, Bàbá kì í sọ pé wọ́n rẹwà tàbí pé wọ́n mọ ọbẹ̀ sè. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ìyá yín ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ káàárọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, nínú gbọ̀ngàn kan ní Kennington, níbi tí àwọn èèyàn ti pé jọ nítorí ọ̀rọ̀ South Africa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Themba gbọ́ pé ìyá òun ti kú nílé. Kò lè lọ sin ín. Bó bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ náà, wọ́n á gbé e ni. Bàbá ní kó má kọrin lọ́jọ́ yẹn, Themba ní dandan ni kóun kọ ọ́. Ó kọ ọ́ dáadáa títí dé àárín, ibi tó yẹ kó ti sọ ọmọ ẹni tóun jẹ́. Ó la ẹnu, ohùn ò jáde. Gìtá ń lọ, ìlù ń lọ, gbogbo gbọ̀ngàn ń wo ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá bọ́ síwájú. Nínú orin náà, àyè yẹn ò gbọ́dọ̀ ṣófo, ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ ẹni tóun jẹ́ kí orin tó lè rìn kọjá. Wọ́n ní àwọn ò tilẹ̀ rò ó, ohun tó wà lẹ́nu àwọn náà ló jáde. "Ọmọ aláró tí ń bẹ létí omi." Wọ́n ń kì í lọ wàràwàrà lórí gìtá Zulu, bí ìgbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá méjèèjì. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ àfi Mama, tí wọ́n dúró lẹ́yìn pátápátá, tí wọ́n pọn Mummy. Mama gbọ́ ilé bàbá wọn lẹ́nu ọkọ wọn lójú gbogbo òyìnbó, omi sì bọ́ lójú wọn. Bí Bàbá ṣe dé ìparí rẹ̀ ni ohùn Themba padà, ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì kì ìyá rẹ̀ tó kú dópin. Nígbà tí wọ́n jáde, Mama kò dúpẹ́, wọn ò sì bínú. Wọ́n kàn ní, "Mufutau, ṣé àwọn àna rẹ mọ̀ pé o ti di ọmọ ilé àwọn?"

Láti ọjọ́ náà, Themba ní orin yẹn ò ní tọ́ mọ́ láìsí ti Bàbá nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e sí i. Bàbá mú ẹyọ kan lọ fún Bọ̀dá wọn pẹ̀lú ayọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Daddy Sydenham pe àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn tó wà nítòsí pé kí wọ́n wá gbọ́ àbúrò òun nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Wọ́n jókòó, wọ́n ń mi orí sí gìtá. Bó ṣe dé àárín tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara wọn ní ọmọ aláró, ni ilé dà rú fún ẹ̀rín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Lásísì, ẹ ti kó lọ Òṣogbo ni?" Òmíràn ní ó dà bí ẹni tó wọ agbádá àna rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ara rẹ̀. Daddy Sydenham pa ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wá sí Peckham, wọn ò jókòó, wọ́n ní, "Ilé ẹni tó ń hun aṣọ la ti wá. Ìwọ wá sọ wá di ẹni tó ń ti ọwọ́ bọ aró. Ọjọ́ tí o bá yọ nǹkan yẹn kúrò lo tó rí ẹsẹ̀ mi nínú ilé yìí."

Mama wà ní kíṣìnnì, wọ́n ń gbọ́. Bàbá dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé àwọn á yọ ọ́. Ó di àìrí ara ẹni. Ẹ má rò pé wọ́n kórìíra ara wọn o. Bó bá di Iléyá, ẹran á ti Sydenham wá láìsí ọ̀rọ̀ kankan, Bàbá á fi iṣu ránṣẹ́ padà láìsí ọ̀rọ̀ kankan, Mummy sì ni abánigbẹ́rù. Nígbà tí Mama kú, Daddy Sydenham kírun sí i lára ní ìlà tó kẹ́yìn, wọ́n sì ti lọ kí Bàbá tó yíjú. Mo bi Bàbá bóyá ẹran ọ̀hún dùn lẹ́nu wọn pẹ̀lú gbogbo ìyẹn. Wọ́n ní, "Ẹran ò bá ẹnikẹ́ni jà."

Ọdún tó kọjá ni ọkùnrin kan tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ní Brixton wá bá wa. Ó ti rí rẹ́kọ́ọ̀dù Abahambi níbì kan, ó fẹ́ tún un tẹ̀ jáde kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè gbọ́. Inú wa dùn. Ó ní ohunkóhun tí Bàbá bá fẹ́ tún ṣe nínú rẹ̀, ẹ̀rọ lè ṣe é. Bàbá ní kó tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Àìsàn ọkàn ti mú wọn nígbà náà, dókítà ti bá wa sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń rọra sọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá wọn dúró sí ọsibítù, Bàbá sì pè mí súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Balikis, sọ fún ọmọkùnrin Brixton yẹn kó yọ oríkì náà kúrò."

"Grandpa, no. Ti Mama nìyẹn. You can't just delete Mama."

"Mo fẹ́ rí Bọ̀dá mi kí n tó lọ."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo rò ó pé arúgbó kan ní Sydenham fẹ́ fi agídí pa ìyá mi àgbà rẹ́ nígbà tí wọn ò sí láyé láti jà fún ara wọn. Mo pe Themba lórí fóònù, ó ti padà sílé ní Durban láti ìgbà tí ìjọba ti yí padà, mo sì gbé ojú rẹ̀ síwájú Bàbá kó bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Òun náà ti darúgbó. Ó bẹ̀ wọ́n títí, ó rán wọn létí ọjọ́ Kennington, ó ní ṣe ni wọ́n gbé òun pọ̀n lọ́jọ́ yẹn, ṣé wọ́n wá fẹ́ sọ òun kalẹ̀ báyìí ni. Bàbá gbọ́ ọ parí. Wọ́n ní, "Themba, ìwọ rí ilé padà sí. Bọ̀dá mi ni ilé tí mo ní."

Mo wa mọ́tò lọ sí Sydenham. Daddy Sydenham ṣílẹ̀kùn fúnra wọn, tẹ̀sùbáà ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Wọ́n ti yọ ọ́?" Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Wọ́n máa yọ ọ́, sir. Grandpa ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní kí ẹ wá."

Wọ́n dé fìlà, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò. Mo retí pé wọ́n á ṣe bí ẹni tó borí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí mọ́tò bá ti dúró, wọ́n á bi mí bóyá Mufu ṣì ń jẹun dáadáa.

Bí Bàbá ṣe rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láti dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú gbogbo wáyà ara wọn. Daddy Sydenham sáré dì wọ́n mú léjìká. "Má dìde. Má dìde, Mufu." Èmi dúró sídìí fèrèsé, mò ń wo ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, kí wọ́n má baà rí ẹkún mi.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá ní kí n mú fóònù jáde. "Bọ̀dá mi, mi ò fẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo. Ẹ ki èyí tó jẹ́ tiwa gan-an. Balikis á gbà á sílẹ̀. Tiyín ni wọ́n á fi dí i."

Mo na fóònù sí wọn. Daddy Sydenham tún fìlà wọn dé, wọ́n wúkọ́. "Ọmọ ahunṣọ," ni wọ́n wí. Wọ́n dúró. Wọ́n tún wúkọ́. "Ọmọ ahunṣọ Ìsẹ́yìn." Wọ́n wo àjà. Mo rò pé ọjọ́ orí ni, pé wọ́n ń wá a. Bàbá ń wò wọ́n bí ọmọdé tó ń dúró de oúnjẹ.

"Mufu," ni wọ́n wí níkẹyìn, "mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ gbàgbé ẹ ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ta ló kì wá? Ìyàwó Bàbá Mushin? Lọ́jọ́ tí wọ́n rẹ́rìn-ín yẹn, wọ́n ní kí èmi wá ki tiwa, kí àwọn gbọ́ ìyàtọ̀. Ẹnu mi wúwo. Ojú tì mí nínú ilé mi. Mo wá bínú sí ìwọ."

Mo wo ojú Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, gbogbo ẹran Iléyá wọ̀nyẹn, Mama tó lọ láìsí pé ẹnìkan yanjú rẹ̀, nítorí ohun tí àwọn méjèèjì ò mọ̀! Bó ṣe ẹlòmíràn ni, ìjà tuntun ni ì bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Daddy Sydenham kọ́kọ́ fajú ro, lẹ́yìn náà ni tiwọn náà bọ́, arúgbó méjì wá ń rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rọ fi ń han, tí nọ́ọ̀sì sì sáré wọlé.

"Everything all right, gentlemen?"

"Don't mind us, my dear," ni Daddy Sydenham wí, wọ́n ń nu ojú. "We are very foolish, that's all."

Mo ní bóyá kí a pe ilé, wọ́n á rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Ìsẹ́yìn. Daddy Sydenham ju ọwọ́ nù. "Ta la fẹ́ pè? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ. Àwọn ọmọ tó kù lọ́hùn-ún, fóònù làwọn náà ń tẹ̀." Wọ́n gbá ọwọ́ àbúrò wọn mú. "Balikis, sọ fún ọmọkùnrin yẹn kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ti Ṣifáwù síbẹ̀. Òun ló ráyè kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yìí."

Mo sunkún nínú mọ́tò kí n tó lè wà á. Ó ti pẹ́ tí ara ti fúyẹ́ fún mi bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Bàbá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Ojoojúmọ́ ni Daddy Sydenham ń wọ bọ́ọ̀sì wá. Ẹ má rò pé wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀. Wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó jẹ gbèsè àkàrà ọjọ́ kan ní Mushin, lórí ọ̀nà tí ọlọ́kọ̀ lè gbà já sí Kennington Road láti Peckham, lórí ìrẹsì ọsibítù. Nígbà mìíràn, ọ̀kan á máa sùn, èkejì á máa ka tẹ̀sùbáà. Daddy Sydenham ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá lọ, àwọn ni wọ́n pa ojú àbúrò wọn dé, àwọn ni wọ́n sì dúró ní ìlà àkọ́kọ́ nígbà tí a kírun sí i lára. Mo wo ẹ̀yìn wọn láti ibi táwa obìnrin dúró sí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, tí Mummy ń fọ abọ́, Daddy Sydenham jókòó sí pálọ̀ Bàbá, nínú ilé tí wọ́n sọ pé àwọn ò ní tẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n fi rẹ́kọ́ọ̀dù náà sórí ẹ̀rọ. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti pa ẹ̀rọ láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ò gbọ́ ọ mọ́.

Gìtá dá sọ̀rọ̀, orin wọlé, Themba kọ ọ́ dé àárín. Bàbá mi àgbà bọ́ síwájú, lọ́dọ̀ọ́, láìmí. Daddy Sydenham tẹ̀ síwájú lórí àga. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí mi.

"Ẹ̀rín wọn ni mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí, nígbà tó parí. "Mi ò gbọ́ ọ rárá." "Mufu ò mọ bàbá wa, Balikis. Ó ṣì ń rá. Èmi ni mo mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n ṣe máa ń pè mí láti ìdí òfì pé kí n wá jẹun, ohùn wọn nìyẹn. Ohùn bàbá wa gan-an nìyẹn."

Wọ́n ní kí n dá orin náà padà sí àárín, mo sì dá a padà.